Apẹ̀rẹ̀ Tí Bọ́tìnì Ń Sùn

Bí ẹ bá fẹ́ mọ irú ẹni tí ẹ̀gbọ́n màmá mi jẹ́, ẹ lọ bá a lálejò. Kí ẹ tó bọ́ bàtà tán, á ti fà yín lọ sórí àga tó dára jù nínú ilé, èyí tó wà lẹ́gbẹ̀ẹ́ fèrèsé, ẹni tó bá sì ti jókòó síbẹ̀ tẹ́lẹ̀ á dìde. Kì í bi ẹni náà bóyá ó wù ú láti dìde. Aránṣọ ni. Ọdún kẹrìndínlọ́gbọ̀n rẹ̀ rèé nínú ṣọ́ọ̀bù kékeré kan lábẹ́ àtẹ̀gùn, níbi tó ti ń gé ẹsẹ̀ ṣòkòtò tó gùn jù, tó ń pààrọ̀ síìpù, tó ń tú ẹ̀gbẹ́ ẹ̀wù fún àwọn tó sanra sí i, tó sì ń bá wọn gbà pé aṣọ náà ló súnkì. Àwọn ará àdúgbò ń pè é ní Ìyá Síìpù. Àǹtí lèmi ń pè é.

Kò ṣàdédé rí bẹ́ẹ̀. Nígbà tó kọ́kọ́ dé ìlú onílùú yìí, kò mọ ẹnì kankan. Obìnrin kan tí kò bá a tan rárá, tó ń fọ ilẹ̀ nílé ìwòsàn, ló gbà á sílé. Obìnrin náà gbé bẹ́ẹ̀dì rẹ̀ fún un, òun fúnra rẹ̀ sì sùn sílẹ̀ẹ́lẹ̀ fún oṣù mẹ́rin gbáko. Àǹtí ò gbàgbé rẹ̀. Ó búra pé àlejò kankan ò ní sùn sílẹ̀ nílé òun láéláé, ó sì mú ìbúra náà ṣẹ. Ohun tí kò rò ni pé bẹ́ẹ̀dì kì í di méjì torí pé àlejò dé. Ẹnì kan ni yóò kúrò lórí rẹ̀.

Èmi gan-an ni àlejò tí mò ń sọ. Ọmọ ọdún mẹ́rìnlá ni mí nígbà tí màmá mi kú tí Àǹtí ránṣẹ́ sí mi pé kí n máa bọ̀. Yàrá méjì ló wà nílé rẹ̀, ọ̀kan fún òun, ọ̀kan fún ọmọbìnrin rẹ̀ kan ṣoṣo, tí mo ń pè ní Sísí nítorí ó fi ọdún méjì jù mí lọ. Lọ́jọ́ tí mo dé, wọ́n ti pààrọ̀ aṣọ bẹ́ẹ̀dì, wọ́n sì ti ká àwọn àwòrán Sísí kúrò lára ògiri. Ihò ìṣó ṣì wà níbẹ̀. Sísí dúró lẹ́nu ọ̀nà, ìrọ̀rí rẹ̀ lábẹ́ apá.

Àǹtí sọ fún un pé, "Ọmọ ilé ni ẹ́. Ọmọ ilé kì í bá àlejò du ibùsùn."

Sísí gbé ìrọ̀rí rẹ̀ lọ sí pálọ̀, ó sì tẹ́ ẹ sórí àga ìrọ̀gbọ̀kú. Mo rò pé ọ̀sẹ̀ kan ni. Ọdún mẹ́rin ni. Èmi kì í ṣe àlejò mọ́ kí oṣù mẹ́ta tó pé, mo ti ń fọ abọ́, mo ti ń gba ìbáwí, ṣùgbọ́n bẹ́ẹ̀dì ò kúrò lọ́wọ́ mi. Ó yẹ kí n sọ fún Àǹtí pé kí Sísí padà sí yàrá rẹ̀. Mi ò sọ. Bẹ́ẹ̀dì náà dùn, ó gbóná, ilẹ̀kùn rẹ̀ sì ṣeé tì. Bẹ́nu bá jẹ, ojú á tì. Ojú tì mí títí ó fi mọ́ mi lára, mi ò sì mọ ìgbà tí mo bẹ̀rẹ̀ sí í pè é ní yàrá mi.

Àwọn àgbà ní ọmọ ẹni kì í ṣèdí bẹ̀bẹ̀rẹ̀ ká fi ìlẹ̀kẹ̀ sídìí ọmọ ẹlòmíràn. Ìdí tèmi ni ìlẹ̀kẹ̀ náà wà, mo sì ń fi rìn kiri ilé.

Ní ọdún kejì tí mo dé, Sísí rí ọmọ ológbò kan nínú páálí tí a ń kó àjákù aṣọ sí lẹ́yìn ṣọ́ọ̀bù. Dúdú ni, àfi àmì funfun roboto kan ní àyà rẹ̀, ìdí nìyẹn tí Sísí fi pè é ní Bọ́tìnì. Àǹtí ní eku ni wọ́n ń torí ẹ̀ sin ológbò, pé kò sì sí eku nílé òun. Ṣùgbọ́n Sísí, tí kì í bèèrè nǹkan kan, ti bèèrè èyí, Àǹtí sì gbà. Orí àga ìrọ̀gbọ̀kú náà làwọn méjèèjì jọ ń sùn, Bọ́tìnì níbi ìrọ̀rí.

Nígbà tí Sísí pé ọmọ ogún ọdún, ó rí iṣẹ́ sí ìlú mìíràn. Ilé tó gbà níbẹ̀ ò gba ẹranko, bẹ́ẹ̀ ni Bọ́tìnì fi kù sọ́dọ̀ wa. Àǹtí tó ní òun ò fẹ́ ológbò wá rán tìmùtìmù fún un láti inú àjákù kóòtù òtútù, ó kì í sínú apẹ̀rẹ̀, ó sì gbé e sábẹ́ fèrèsé, lẹ́gbẹ̀ẹ́ ẹ̀rọ amúlémóoru, níbi tí oòrùn àárọ̀ ń dé. Ibẹ̀ ni Bọ́tìnì ń sùn fún ọdún mẹ́jọ.

Láàárín ọdún mẹ́jọ náà, ẹ̀ẹ̀mejì péré ni Sísí wá sílé, kò sì sùn mọ́jú. Ṣùgbọ́n ó ń pè ní gbogbo ọjọ́ Àìkú. Bó bá ti kí ìyá rẹ̀ tán, ọ̀rọ̀ tó kàn ni, "Bọ́tìnì ńkọ́, Mọ́mì?" Àǹtí á wá bẹ̀rẹ̀: ohun tó jẹ, ohun tó kọ̀ láti jẹ, bó ṣe fò lé orí máṣíìnì ìránṣọ, bó ṣe fi ìrù gbá òwú dà nù. Ó máa ń fi iyọ̀ sí i kí ìpè náà lè pẹ́. Bó bá bèèrè pé, "Ìgbà wo lo ń bọ̀?" Sísí á ní iṣẹ́ pọ̀. Gbogbo wa mọ̀, láìsọ ọ́, pé ológbò yẹn ni okùn tó kù láàárín ìyá àti ọmọ.

Ìdí nìyẹn tí ẹ̀rù fi ba Àǹtí nígbà tí Bọ́tìnì bẹ̀rẹ̀ sí í ké lẹ́yìn ilẹ̀kùn ní àràárọ̀ tá a bá ń lọ síbi iṣẹ́. Ó ti pé ọmọ ọdún mọ́kànlá. Bá a bá dé nírọ̀lẹ́, ẹ̀yìn ilẹ̀kùn náà la máa bá a.

Àǹtí ní, "Ó ń dá wà ni. Ẹnìkan kì í jẹ́ àwá dé. Mo máa wá ẹnì kejì fún un."

Ọ̀rẹ́ rẹ̀ onídìrí, tí ṣọ́ọ̀bù rẹ̀ kọjú sí tiwa, rẹ́rìn-ín títí. "Ológbò dúdú kan wà nílé ẹ, àwọn èèyàn wa tí wọ́n bá wá, ẹnu ọ̀nà ni wọ́n ti ń kí ẹ. O tún fẹ́ mú ìkejì wá? Kí ẹ lè pé fún ìpàdé àbí?"

Àǹtí ní, "Tá a bá pé, ìwọ la máa kọ́kọ́ jẹ."

Lọ́jọ́ Sátidé, èmi àti ẹ̀ lọ sí ilé tí wọ́n ń kó àwọn ológbò tí kò lẹ́ni sí. Obìnrin tó ń tọ́jú wọn níbẹ̀, irun ológbò ló kún ara súwẹ́tà rẹ̀, ó sì mú wa rìn láàárín àwọn àgò onírin. Àǹtí kò wo àwọn tó dára. Iwájú ọ̀kan tó pọ́n ràkọ̀ràkọ̀ ló dúró sí, etí rẹ̀ kan ti ya. Wọ́n ní abẹ́ bọ́nẹ́ẹ̀tì mọ́tò tí wọ́n pa tì ni wọ́n ti fà á yọ.

Àǹtí ní, "Ẹni tí kò níbi tó máa sùn nìyí." Ọ̀rọ̀ ti bùṣe.

Obìnrin náà kọ ìtọ́ni sí bébà fún wa. Kí a fi àlejò sí yàrá ọ̀tọ̀ fún ọ̀sẹ̀ méjì, kó ní abọ́ tirẹ̀ àti ibùsùn tirẹ̀. Kí a fi aṣọ tí ọ̀kan sùn lé fún èkejì gbóòórùn. Ó fa ìlà sábẹ́ èyí tó gbẹ̀yìn: ohunkóhun tó bá jẹ́ ti ológbò àgbà tó wà nílé, a ò gbọdọ̀ fọwọ́ kàn án. Mo kà á sétígbọ̀ọ́ Àǹtí nínú bọ́ọ̀sì, àpótí ológbò lórí itan rẹ̀.

Ó ní, "Kí n ti àlejò mọ́ yàrá fún ọ̀sẹ̀ méjì? Ṣé ó jalè ni?"

Bá a ṣe wọlé, ó lọ tààrà sábẹ́ fèrèsé. Ó fi ọwọ́ méjèèjì gbé Bọ́tìnì kúrò nínú apẹ̀rẹ̀, jẹ́jẹ́ bí ẹni gbé ọmọ, ó gbé e sílẹ̀ sórí ilẹ̀ lásán. Ó gbọn tìmùtìmù náà, ó sì gbé ti titun síbẹ̀.

"Má bínú, ìyá mi. Àlejò ni. Ìwọ lo nilé."

Bọ́tìnì ò jà, kò sì ké. Ó wo Àǹtí díẹ̀, ó yí padà, ó rìn lọ sí pálọ̀, ó gun àga ìrọ̀gbọ̀kú, ó sì dùbúlẹ̀ níbi tí ìrọ̀rí Sísí máa ń wà. Mo rí i. Bébà obìnrin yẹn ṣì wà lọ́wọ́ mi, ìlà tó fà sábẹ́ ọ̀rọ̀ náà ń wò mí. Èmi nìkan ló mọ bó ṣe ń rí kí wọ́n gbé èèyàn sórí ibùsùn ẹlòmíràn kí wọ́n sì ní kó máa sùn. Mo ká bébà náà, mo kì í sínú àpò, mo lọ gbé omi kaná.

Àlejò ni Àǹtí sọ ológbò titun náà, kò sì ṣe wá ní nǹkan kan. Ó jẹ, ó sùn, ó sanra. Bọ́tìnì ni ò jẹun mọ́. Ọjọ́ kìíní, ọjọ́ kejì, Àǹtí ní ó ń ṣe ìlara ni, á gbàgbé. Ní ọjọ́ karùn-ún a gbé e lọ sọ́dọ̀ dókítà ẹranko. Ó tẹ ikùn rẹ̀, ó yẹ eyín rẹ̀ wò, ó gba ẹ̀jẹ̀ rẹ̀, kò rí àrùn. Ó bi wá pé kí ló yí padà nínú ilé.

Àǹtí ní kò sí nǹkan tó yí padà, ẹnì kejì la mú wá fún un.

Dókítà ní kí a wá nǹkan ṣe sí i kíákíá, pé ológbò tó ti dàgbà tó báyìí, bí kò bá jẹun, ẹ̀dọ̀ rẹ̀ ni yóò kọ́kọ́ bàjẹ́.

A délé, Àǹtí gbé Àlejò kúrò, ó gbé apẹ̀rẹ̀ wá fún Bọ́tìnì. Bọ́tìnì gbóòórùn rẹ̀, ó yí orí. Àǹtí tú tìmùtìmù náà ká, ó wá àjákù kóòtù tó jọ ti àtijọ́, ó jókòó sídìí máṣíìnì, ó sì rán òmíràn. Òun ló máa ń sọ fún àwọn oníbàárà pé kò sí ohun tí a rán tí kò ṣeé tú. Ó gbé e wá. Bọ́tìnì ò tilẹ̀ gbóòórùn èyí. Àǹtí jókòó sílẹ̀ lẹ́gbẹ̀ẹ́ àga ìrọ̀gbọ̀kú, téépù ìwọnṣọ ṣì wà lọ́rùn rẹ̀, ó ń fi ìka fi oúnjẹ lọ̀ ọ́, ó ń bẹ̀ ẹ́ bí ẹni bẹ ìyàwó tó fẹ́ kọ ọkọ.

Lọ́jọ́ Àìkú, Sísí pè. Àǹtí parọ́ fún un pé Bọ́tìnì jẹun dáadáa. Ọ̀sẹ̀ kejì, omi oúnjẹ tí dókítà ní ká máa fi sírínjì fún Bọ́tìnì lẹ́nu nìkan ló gbé e ró, Àǹtí ò sì lè parọ́ mọ́.

Ọjọ́ kejì ni Sísí ti dé, ó wọ rélùwéè àárọ̀, ó gbé àpótí tí a fi ń gbé ológbò lọ́wọ́. Ó kúnlẹ̀ kí ìyá rẹ̀. Lẹ́yìn náà ló wo abẹ́ fèrèsé. Àlejò ti padà sínú apẹ̀rẹ̀, ó ń sùn nínú oòrùn.

"Ta ló ni apẹ̀rẹ̀ yẹn, Mọ́mì?"

"Ti Bọ́tìnì ni. Mo yá àlejò ni."

"Ibo wá ni Bọ́tìnì ń sùn?"

Sísí fúnra rẹ̀ yíjú sí àga ìrọ̀gbọ̀kú, ó sì rí i. Ó lọ jókòó ti Bọ́tìnì. Ó ki ìka bọ inú abọ́, ó nà án sí i. Bọ́tìnì lá a lẹ́ẹ̀kan. Ó tún lá a.

Sísí ní, "Mò ń mú un lọ. Ilé tí mo wà báyìí ń gba ẹranko."

"Àtìgbà wo ni wọ́n ti ń gbà á?"

"Ó ti pẹ́ díẹ̀. Mo fi í sílẹ̀ fún yín ni."

Àǹtí fa téépù kúrò lọ́rùn, ó ń ká a mọ́ ọwọ́. Ó ní, "Ọmọ ilé ni. Mo rò pé kò ní bínú."

"Ọmọ ilé máa ń bínú, Mọ́mì. Kì í kàn sọ ni."

Kò pariwo. Ì bá sàn kó pariwo. Àǹtí jókòó sórí àga tó wà lẹ́gbẹ̀ẹ́ fèrèsé, èyí tó máa ń fún àwọn tó bá wá kí i. Mi ò rí i kó jókòó síbẹ̀ rí.

Mo sin Sísí sọ̀ kalẹ̀. Pẹ̀tẹ́ẹ̀sì mẹ́ta ni, gbogbo àtẹ̀gùn ni mo ń kó ọ̀rọ̀ jọ sẹ́nu. Ohun tó wá jáde ni, "Ṣé kò wúwo, Sísí? Ẹ jẹ́ n bá yín gbé e."

"Kò wúwo. Kò sí nǹkan kan lára ẹ̀ mọ́."

Lẹ́nu ọ̀nà ìta, ó dúró. "Bẹ́ẹ̀dì yẹn, ṣé ẹ̀gbẹ́ òsì ẹ̀ ṣì ń ké?"

"Ó ṣì ń ké."

"Nígbà tó o kọ́kọ́ dé, o máa ń sunkún, bẹ́ẹ̀dì á máa ké. Mo máa ń gbọ́ ọ láti pálọ̀. Tí kò bá ti ké mọ́, mo mọ̀ pé o ti sùn, èmi náà á wá sùn." Ó gbé àpótí náà sí ọwọ́ kejì. "Máa tọ́jú Mọ́mì."

Ó lọ. Mo dúró síbẹ̀ títí ó fi yà ní ìkóríta.

Lọ́jọ́ Àìkú, fóònù ò dún. Àǹtí gbé e sórí itan látàárọ̀. Nígbà tó di ìrọ̀lẹ́, òun fúnra rẹ̀ tẹ nọ́ńbà, èyí tí kò ṣe rí láti ọdún mẹ́jọ, torí kì í fẹ́ dí Sísí lọ́wọ́. Kò tilẹ̀ kí i.

"Bọ́tìnì ńkọ́?"

Mo gbọ́ ohùn Sísí láti ibi tí mo dúró. Ó ní ó ń jẹ díẹ̀díẹ̀, pé orí bẹ́ẹ̀dì òun ló ń sùn. Lẹ́yìn ìyẹn, kò fi iyọ̀ kankan sí i. Àǹtí ní, "Ó dáa, ó dáa," ó sì na fóònù sí mi pé kí n kí ẹ̀gbọ́n mi.

Mo gbà á. Mo mọ ohun tó yẹ kí n sọ. Láti ọdún méjìlá ni mo ti mọ̀ ọ́n.

Mo ní, "Ẹ kú ọjọ́ mẹ́ta, Sísí."