Bọ́ńpà Láńdírófà Tó Gbé Ọmọ Wa Lọ

Kò pẹ́ lẹ́yìn tí ìjọba ní kí gbogbo mọ́tò máa gba apá ọ̀tún ni bàbá ọmọ náà dé. Nígbà yẹn, mo ní ṣọ́ọ̀bù wẹ́dà kékeré kan ní Ẹ̀pẹ́tẹ̀dó, lẹ́nu ọ̀nà agbo ilé tí èmi àti ìyàwó mi ń gbé. Ilẹ̀kùn onírin àti irin ojú fèrèsé ni iṣẹ́ tí mo ń ṣe jù. Ìyàwó mi ń ta gààrí ní Èbúté Èrò. A kò ní ọmọ tiwa. Gbogbo oyún tó wá ni kò dúró, nígbà tó sì yá, a ò sọ̀rọ̀ rẹ̀ mọ́.

Ṣùgbọ́n ọmọ wà nílé. Àbúrò ìyàwó mi ló bí i, ó sì kú kí wọ́n tó sọ ọmọ náà lórúkọ. Ọkọ rẹ̀, tó jẹ́ awakọ̀, gbé ọmọ jòjòló náà lé ìyàwó mi lọ́wọ́, ó ní òun ò mọ bí òun ṣe máa tọ́jú rẹ̀. Nígbà tí ogun bẹ̀rẹ̀, ó bá àwọn ṣójà lọ, ó ń wa mọ́tò fún wọn, a ò sì gbúròó rẹ̀ mọ́. Mílíìkì inú agolo ni ìyàwó mi fi tọ́ ọmọ náà. Lórí sìmẹ́ńtì iwájú ṣọ́ọ̀bù mi ló ti kọ́ ìrìn, ó di ìka mi kan mú. Bàbá ló ń pè mí, Ìyá ló ń pe ìyàwó mi. A ò fi pa mọ́ fún un pé ìyá tó bí i ti kú, pé bàbá rẹ̀ sì wà níbì kan, ṣùgbọ́n bí ìtàn ìlú òkèèrè ni ọ̀rọ̀ yẹn ṣe rí létí rẹ̀.

Ní ọ̀sán ọjọ́ tí mò ń wí yìí, Láńdírófà àlòkù kan dúró níwájú ṣọ́ọ̀bù, ẹrẹ̀ pupa ti gbẹ mọ́ ọn lára dé òrùlé. Ọkùnrin tó sọ̀ kalẹ̀ dọ̀bálẹ̀ fún mi. N kò dá a mọ̀ títí ó fi lanu.

"Ẹ̀gbọ́n, èmi ni," ó ní. "Ẹ má bínú. Ó ti pẹ́."

Ó jókòó, ó sì ro tẹnu rẹ̀. Ó ní òun ń bá àwọn agégẹdú ṣiṣẹ́ nínú igbó kan tó jìnnà sí Ọ̀rẹ̀, pé òun ti fẹ́ ìyàwó, òun sì ti ní ilé. Lẹ́yìn náà ló wá bojú wolẹ̀, ó ní òun wá mú ọmọ òun. Kò sí ohun tí mo fẹ́ bá a jà lé lórí. Òun ló bí i.

Nígbà tí ìyàwó mi dé láti ọjà, mo sọ fún un. Ó jókòó sórí bẹ́ǹṣì láì tú gèlè orí rẹ̀, ó wo ọkùnrin náà títí.

"Ṣé ìyàwó rẹ mọ̀ pé ò ń mú ọmọ bọ̀?"

"Ó mọ̀, ẹ̀gbọ́n. Òun gan-an ló ní kí n wá."

"Ṣé ó ti bímọ fún ẹ?"

"Ó ti bí ọkùnrin kan."

Ìyàwó mi mi orí. "Ó dáa," ó ní. Ó dìde, ó lọ gbé omi kaná fún un pé kó fi wẹ̀.

Lọ́jọ́ kejì, ọkùnrin náà mú mi lọ síwájú mọ́tò rẹ̀. Bọ́ńpà tó wà níbẹ̀ ti ya, wáyà ni wọ́n fi so ó mọ́ ara ọkọ̀. "Ọ̀nà ọ̀hún burú," ó ní. "Igi máa ń wó dí ojú ọ̀nà, ẹrẹ̀ sì máa ń gbé mọ́tò. Ẹ jọ̀ọ́, mo fẹ́ bọ́ńpà onírin tó nípọn, tó ní ìkọ́ tí wọ́n lè fi fa ọkọ̀ jáde. Tó bá ti parí, a máa lọ."

Bẹ́ẹ̀ ni iṣẹ́ náà ṣe bọ́ sí mi lọ́wọ́. Kò sẹ́ni tó sọ ọ́ jáde, ṣùgbọ́n gbogbo wa nínú ilé mọ̀ pé ọjọ́ tí mo bá parí bọ́ńpà yẹn ni ọmọ ń lọ. Ní yàrá, ìyàwó mi bi mí bó ṣe máa pẹ́ tó. Mo ní kò lè pẹ́ púpọ̀.

"Ẹ ò lè fà á díẹ̀?"

"Mo lè fà á. Kí la máa wá fi àwọn ọjọ́ tí mo bá fà ṣe?"

Ó kọjú sí ògiri.

Mo gé páálí, mo fi wọn iwájú ọkọ̀ náà, mo sàmì sí ibi tí bóòtù máa gbà wọ ṣaasí, irin tó gbé ọkọ̀ dúró. Lẹ́bàá omi, lọ́dọ̀ ọkùnrin kan tó ń ta irin àlòkù, mo rí irin gbọọrọ kan tó ti ara ọkọ̀ ojú omi já, ìpẹtà wà lára rẹ̀ ṣùgbọ́n inú rẹ̀ ṣì le. Òun ni mo fi ṣe ìdí bọ́ńpà. Mo jó páìpù kan mọ́ ọn lórí, kó má bàa jẹ́ pé igi máa sún wá fọ́ iná àti rédíétọ̀. Ìgbà tí mo ti jó o tán ni mo wá bi bàbá ọmọ náà pé níbo ló máa gbé e jókòó.

"Iwájú, lẹ́gbẹ̀ẹ́ mi," ó ní. "Ẹ̀yìn máa ń mì jù."

Sítíárì ọkọ̀ náà wà lápá ọ̀tún, gẹ́gẹ́ bíi ti àwọn mọ́tò àtijọ́, ọmọ náà á sì wà lápá òsì. Mo wo páìpù tí mo ti jó mọ́ ọn, mo rí i pé ó fẹ́lẹ́. Mo gé e kúrò. Mo wá èyí tó nípọn, mo sì fi irin mìíràn tì í lẹ́yìn lápá òsì. N kò lè jẹ́ kí gbogbo rẹ̀ nípọn bẹ́ẹ̀, torí tí iwájú bá wúwo jù, sípírìngì á tẹ̀, sítíárì á sì le lọ́wọ́ awakọ̀. Mo fi fáìlì rẹ́ gbogbo igun rẹ̀ títí kò fi sí èyí tó lè ya èèyàn lára.

Ní gbogbo àkókò yẹn, inú ọmọ náà ń dùn. Kò rí bàbá tó ní mọ́tò rí. Ó máa ń jókòó sídìí sítíárì, á máa pe àwọn ọmọ agbo ilé wọlé lọ́kọ̀ọ̀kan, á sọ ìlú tí òun ń gbé wọn lọ. Ọjọ́ kan, mò ń jó irin lọ́wọ́ ló wá dúró lẹ́yìn mi.

"Bàbá, ṣé ẹ ti fẹ́ẹ̀ parí?"

"Ó ku díẹ̀."

"Ẹ jọ̀ọ́, ẹ ṣe kíá."

Mo dúpẹ́ pé ìbòjú wà lójú mi. Mo dúró títí ó fi sáré padà sínú ọkọ̀ kí n tó tún tan iná.

Mo fi bóòtù dè é, n kò jó o mọ́ ṣaasí, kí wọ́n lè tú u tó bá tẹ̀. Mo kùn ún ní ọ̀dà dúdú. Bàbá ọmọ náà gun orí rẹ̀, ó fò lé e, kò mì. "Ẹ̀gbọ́n, Ọlọ́run á san án fún yín," ó ní.

Ìyàwó mi di irun fún ọmọ náà lọ́jọ́ yẹn. Ọmọ náà ń sunkún pé ó ń dun òun, ìyàwó mi sì ń rọ̀ ọ́, ṣùgbọ́n kò dẹ ọwọ́ rẹ̀. "Mo fẹ́ kó le ni," ó sọ fún mi, "kó lè pẹ́ lórí rẹ̀." Ọmọ náà bi í léèrè pé, "Ìyá, ẹ̀yin náà ń bọ̀, àbí?" Ìyàwó mi ní a máa wá kí i.

Wọ́n lọ lẹ́yìn ìrun àárọ̀. Ọmọ náà na ọwọ́ jáde lójú fèrèsé, ó ń juwọ́ sí àwọn ọmọdé tó ń sáré tẹ̀lé ọkọ̀. Kò bojú wẹ̀yìn wò wá. Nígbà tí wọ́n yí kọ́nà, ìyàwó mi gbé igbá gààrí rẹ̀, ó lọ sọ́jà. Èmi ṣí ṣọ́ọ̀bù, mo jókòó, n kò ṣe nǹkan kan. Ó pẹ́ tí ìyàwó mi fi ń se oúnjẹ tó ju ti èèyàn méjì lọ. Tó bá ti bù ú tán ló máa ń rántí.

Ní ọdún Iléyá kan, wọ́n wá kí wa. Bọ́ńpà náà ti tẹ̀ wọnú lápá òsì. Bàbá ọmọ náà ní gẹdú kan ló já lórí ọkọ̀ tó wà níwájú àwọn, ó yí wá bá àwọn, ibẹ̀ ló sì gbá. "Irin yín ló gba ọmọ yìí sílẹ̀," ó ní. Ìyàwó mi fọwọ́ kan ibi tó tẹ̀ náà. Ọmọ náà ti ga. Ó kúnlẹ̀ dáadáa kí wa, ohùn rẹ̀ ti di ti àwọn ará ọ̀hún. Ìyá Èkó ló pe ìyàwó mi, ó pe èmi ní Bàbá Èkó. Ìyàwó bàbá rẹ̀ ló ń pè ní Ìyá báyìí. Kò sí àrífín nínú rẹ̀. Wọ́n kọ́ ọ bẹ́ẹ̀ ni, ó sì dáa bẹ́ẹ̀. Nígbà tí wọ́n lọ tán, ìyàwó mi ní, "Wọ́n ń tọ́jú rẹ̀. Ẹ wo awọ ara rẹ̀." Ó wá wọ yàrá lọ, ó sì ti ilẹ̀kùn.

Wọn ò tún wá mọ́ fún ìgbà pípẹ́. Àwa náà ò lè lọ. Àyà bẹ̀rẹ̀ sí í dun ìyàwó mi, àtigbé igbá gan-an di wàhálà. Ọ̀pọ̀ ìgbà ni àwọn ẹbí fẹ́ fi ọmọ sọ́dọ̀ rẹ̀ kó lè rí ẹni rán níṣẹ́, ó kọ̀. Ó kú kí wọ́n tó tún wá, ní ìrọ̀lẹ́ kan, lórí ẹní ìrun.

Mo ránṣẹ́ sí wọn, wọ́n sì wá síbi àdúrà fídáù. Ọmọ náà ti di ọmọge. Ó fi ìborùn bo orí, ó wá kí mi kú ará fẹ́ra kù, ó ní kí Ọlọ́run tẹ́ ẹ sí afẹ́fẹ́ rere. Mo ṣe àmín. Ó wá lọ jókòó lábẹ́ tápólì, láàárín àwọn àlejò. Inú ilé ni àwọn ọmọ olóògbé máa ń jókòó sí. Mo fẹ́ ní kí wọ́n lọ pè é wọlé, ṣùgbọ́n àwọn àáfà ti bẹ̀rẹ̀ àdúrà, n kò sì mọ bí mo ṣe máa sọ ọ́. Wọ́n gbé oúnjẹ fún un bí wọ́n ṣe gbé e fún gbogbo àlejò. Ó jẹ ẹ́, ó dúpẹ́, ó sì bá bàbá rẹ̀ lọ.