Díìsìkì Méjì, Àdúrà Kan

Ẹ̀gbọ́n mi obìnrin ní sítúdíò fọ́tò àti fídíò ní Mission Bend, nílùú òyìnbó níbí. Iṣẹ́ kọ̀ǹpútà ni èmi ń ṣe ní Uptown. Nígbà tó fẹ́ ra kọ̀ǹpútà tí yóò máa kó iṣẹ́ àwọn oníbàárà pa mọ́ sí, èmi ló pè. Mo ní kó fi díìsìkì méjì sí i, kí ohunkóhun tó bá wọ ọ̀kan máa wọ èkejì lẹ́sẹ̀kan náà. Tí ọ̀kan bá kú, èkejì á wà níbẹ̀.

“Kí n ra méjì, kí n lo àyè ẹyọ kan? Ṣé ọmọ Ìjẹ̀ṣà ni ẹ́ báyìí?”

Ó pàpà rà á. Ẹ̀kẹta ni kò gbà, èyí tí mo ní kó máa da iṣẹ́ kọ sí lọ́sọ̀ọ̀sẹ̀, kó sì gbé e sílé. Ó ní òun ò lè máa ra díìsìkì bí ẹni ń ra búrẹ́dì.

Inú kọ̀ǹpútà náà ni fídíò àdúrà bàbá wa wà. Nígbà tí wọ́n wá kí wa láti Iléṣà, ẹ̀gbọ́n mi mú wọn dúró síwájú aṣọ funfun ní sítúdíò. Òtútù ẹ̀rọ amúlétutù ń mú wọn, wọ́n bá wọ jákẹ́ẹ̀tì mi. Wọ́n tẹjú mọ́ kámẹ́rà, wọ́n ní, “Ṣé ó ti ń ká ohùn mi?” Lẹ́yìn náà ni wọ́n ṣàdúrà fún àwa àti àwọn ọmọ mi lọ́kọ̀ọ̀kan. Ọdún tó tẹ̀ lé e ni wọ́n kú.

Lọ́sàn-án ọjọ́ kan, ẹ̀gbọ́n mi pè mí. “Báwo ni mo ṣe máa ṣí disk kejì? Mo fẹ́ wo fídíò Daddy.”

“Kí ló ṣe ti àkọ́kọ́?”

“Graduation pọ̀, space ti tán. Mi ò lè delete iṣẹ́ oníṣẹ́, mo bá delete ti Daddy. Ó ṣáà wà lórí èkejì.”

Mo pariwo. “Sister mi, ohun tí ẹ bá delete lórí ọ̀kan, èkejì náà á delete ẹ̀!”

“Ìwọ lo ní tí ọ̀kan bá kú, èkejì á wà níbẹ̀.”

Inú ń bí mi títí mo fi dé ọ̀dọ̀ rẹ̀. Mo gbìyànjú gbogbo ohun tí mo mọ̀ láti rí i gbà padà, ṣùgbọ́n fídíò àwọn ọmọ tó jáde ilé ìwé ti gba àyè bàbá wa. Nígbà tí mo rí ojú ẹ̀gbọ́n mi, ìbínú náà lọ. Iṣẹ́ ẹnikẹ́ni ò sọnù àfi tiwa.

Mo jókòó, mò ń wo kọ̀ǹpútà náà. Kò sí ohun tó ṣe é. Díìsìkì méjèèjì gbọ́ràn bákan náà ni, kò sì sí èyí tó lè sọ fún èkejì pé rárá, má pa ìyẹn rẹ́.

“Èmi ni wọ́n kọ́kọ́ gbàdúrà fún,” ẹ̀gbọ́n mi sọ lójijì.

“Irọ́ ni, Sister mi. Àwọn ọmọ mi ni.”

A jiyàn títí. Ó ní ó yá, kí n sọ gbogbo ohun tí mo bá rántí, òun á fi tòun kún un. Ó gbé fóònù rẹ̀ ka tábìlì, ó kọjú kámẹ́rà rẹ̀ sí mi. Mo la ẹnu láti bẹ̀rẹ̀ àdúrà.

“Ṣé ó ti ń ká ohùn mi?” ni mo sọ.

Ẹ̀gbọ́n mi bú sẹ́kún.