Evanthia Karvela, Òǹtẹ̀ Olórí Òbúkọ àti Lẹ́tà Nọ́ńbà 412

Evanthia Karvela kú ní Ọjọ́bọ̀ tó kọjá, nínú ilé rẹ̀ ní àdúgbò Kypseli, ní ẹni ọdún méjìdínláàádọ́rin. Àrùn ẹ̀dọ̀fóró ló pa á. Ọdún mẹ́tàdínlọ́gbọ̀n ló fi ṣiṣẹ́ nínú eruku ẹfun, ní àjà ilẹ̀ tí kò ní fèrèsé, lábẹ́ mùsíọ́mù owó àtijọ́ kan ní ìlú Athens yìí. Síbẹ̀ n kò ní sọ pé eruku ló pa á, nítorí dókítà kò sọ bẹ́ẹ̀. Ohun tí mo rí ìwé tì lẹ́yìn nìkan ni màá sọ. Ó pọ̀ tó.

Mùsíọ́mù fi òdòdó ránṣẹ́ síbi ìsìnkú. Lẹ́yìn tí a sin ín tán, a jókòó ti kọfí àti ọtí brándì ní ẹ̀gbẹ́ itẹ́ òkú gẹ́gẹ́ bí ìṣe wa, Ọ̀jọ̀gbọ́n Iasonas Moutafis ti mùsíọ́mù náà sì dìde, ó ní ọwọ́ wúrà ni Kiria Evanthia, ìyẹn Ìyáàfin Evanthia, ní. Àwọn ènìyàn mi orí. Polyxeni, àbúrò olóògbé, gbé ife rẹ̀ sílẹ̀, ó sì fẹnu sí mi létí.

“Ọwọ́ nìkan? Orí tó gbé ka ọrùn ńkọ́, ṣé ó yá a ni?”

Kí ni iṣẹ́ tó ṣe? Nígbà láéláé, ọwọ́ ni àwọn baba ńlá wa fi ń lu owó. Alágbẹ̀dẹ á gbé fàdákà gbígbóná lé orí òǹtẹ̀ tí wọ́n fi ọwọ́ gbẹ́, á wá fi òòlù lù ú. Tí òǹtẹ̀ bá jẹ tàbí tó sán, wọ́n á gbẹ́ òmíràn. Kò sí méjì tó bára mu tán, nítorí náà ẹni tó bá to owó kan ti èkejì, tó sì lójú, lè mọ àwọn tó ti ara òǹtẹ̀ kan náà jáde. Ẹ ka àwọn òǹtẹ̀ náà, ẹ wo iye tó jẹ́ pé owó kan ṣoṣo ló ṣẹ́ kù tó ń jẹ́rìí wọn, ẹ ó lè díwọ̀n àwọn tó ti sọnù, ẹ ó sì lè fojú bu bí fàdákà tí ìlú náà ná ṣe pọ̀ tó. Ìlú tí kò bá kọ ìwé sílẹ̀, òǹtẹ̀ rẹ̀ ni ẹlẹ́rìí rẹ̀.

Owó ìlú kan ní etí òkun àríwá, tó ń fi orí òbúkọ sára owó rẹ̀, ni wọ́n gbé fún Evanthia láti yẹ̀ wò. Ọ̀tàlénígba owó ló kù káàkiri ayé. Ó kọ lẹ́tà sí gbogbo ibi tí wọ́n wà, ó gba ẹ̀dà ọ̀kọ̀ọ̀kan tí wọ́n fi ẹfun pípò tẹ̀ jáde, ó sì tò wọ́n sínú àpótí. Ó sọ àwọn òbúkọ náà lórúkọ. Èyí tí ojú rẹ̀ wú ló ń pè ní onílé òun: “Ẹ wò ó bó ṣe ń wò mí, bí ẹni pé mi ò tíì gbá àtẹ̀gùn.” Nígbà tí àwọn akẹ́kọ̀ọ́ bá bi í pé owó mélòó ni òǹtẹ̀ kan lè lù kó tó bàjẹ́, èsì rẹ̀ kì í yí padà: “Òǹtẹ̀ ni mo lè kà fún yín. Iye tó lù, ẹ lọ bi alágbẹ̀dẹ. Tó bá dáhùn, ẹ pè mí.”

Ọ̀jọ̀gbọ́n Moutafis ló ń kọ ìwé lórí ìlú náà. Fọ́tò ló fi ṣiṣẹ́, nínú ọ́fíìsì rẹ̀ ní òkè, òǹtẹ̀ mẹ́rìnléláàádọ́rùn-ún ló sì kà. Láti inú ìyẹn ló ti díwọ̀n pé àpapọ̀ wọn nígbà ayé wọn yóò tó mẹ́tàdínláàádọ́jọ. Lórí fàdákà ńlá yìí ló gbé ìtàn rẹ̀ kà: pé ìlú kékeré náà lówó tó ẹni tí ń gba àwọn ọmọ ogun ojú omi síṣẹ́.

Ẹfun ni Evanthia ń wò, pẹ̀lú iná kan tó gbé sísàlẹ̀ lẹ́gbẹ̀ẹ́ tábìlì kí òjìji lè là. Ohun tí fọ́tò bò hàn lórí ẹfun bí ilà ojú ṣe ń hàn lábẹ́ àtíkè. Mẹ́tàlélógún nínú àwọn òǹtẹ̀ náà kì í ṣe tuntun. Òǹtẹ̀ tó ti gbó, tí Ọ̀jọ̀gbọ́n ti kà tẹ́lẹ̀, ni. Alágbẹ̀dẹ tún irun òbúkọ rẹ̀ gbẹ́, ó sì ń lù ú lọ. Mọ́kànléláàádọ́rin ló kù. Ìdíwọ̀n wálẹ̀ sí méjìdínlọ́gọ́rùn-ún. Ìdá kan nínú mẹ́ta fàdákà Ọ̀jọ̀gbọ́n di èéfín, ìtàn ogun ojú omi sì bá a lọ.

Ó gbé ẹ̀dà méjì gòkè lọ bá a. Manthos aṣọ́nà, tó bá a gbé àtẹ náà, ló sọ bó ṣe lọ fún mi.

“Ọ̀jọ̀gbọ́n, ẹ jọ̀ọ́, ẹ wo abẹ́ ìwo yìí. Ibi kan náà ló ti sán. Òǹtẹ̀ kan ni.”

“Kiria Evanthia, ìwé ti wà lọ́dọ̀ àwọn atẹ̀wé.”

“Ẹ ní kí wọ́n dá a padà. Ìwé kì í ṣe ọkọ̀ ojú omi tó ti ṣí.”

Ọ̀jọ̀gbọ́n rẹ́rìn-ín. “Ẹ ti wo òbúkọ pẹ́ jù, Kiria mi. Ẹ ti fẹ́ máa kan ènìyàn.”

Kò wo ẹfun náà.

Ní ọjọ́ kejì Evanthia kọ lẹ́tà olójú ewé mẹ́rin, pẹ̀lú àtòjọ òǹtẹ̀ mẹ́tẹ̀ẹ̀tàlélógún, ó sì gbé e lọ sí ọ́fíìsì tí wọ́n ti ń fún ìwé ní nọ́ńbà. Ẹ mọ̀ wá: ní orílẹ̀-èdè yìí, ohun tí kò bá ní nọ́ńbà kò ṣẹlẹ̀. Wọ́n tẹ 412 lé e lórí. Manthos ní kó lọ sinmi, pé ó ti di ènìyàn nìyẹn. Lẹ́tà náà kò gba èsì rí. Ìwé jáde, ó gba ẹ̀bùn, orúkọ Evanthia kò sì sí nínú rẹ̀.

Ọdún mẹ́fà lẹ́yìn náà, onímọ̀ kan ní Vienna kọ ọ́ pé òǹtẹ̀ atúngbẹ́ wà nínú iye náà. Ọ̀jọ̀gbọ́n ní láti tún ìwé tẹ̀. Ṣé ẹ rò pé ó rántí lẹ́tà 412 nígbà náà? Ó rántí Evanthia dáadáa. Nínú àtẹ̀jáde kejì, lábẹ́ ojú ewé kọkàndínlógún, ó kọ ọ́ pé àṣìṣe náà wá “láti ọwọ́ òṣìṣẹ́ àjà ilẹ̀ tó to àwọn ẹ̀dà ẹfun.” Ibi kan ṣoṣo nìyẹn tí ìwé náà ti dárúkọ iṣẹ́ rẹ̀. Nígbà tí iyì wà, ẹnikẹ́ni kò sí ní àjà ilẹ̀. Nígbà tí ẹ̀bi dé, wọ́n sọ̀ kalẹ̀ wá a.

Àwọn àgbà ní bí irọ́ bá lọ fún ogún ọdún, ọjọ́ kan ni òtítọ́ yóò bá a. Ní tiwa, òtítọ́ ló kọ́kọ́ dé. A fún un ní nọ́ńbà, a sì ti ilẹ̀kùn mọ́ ọn.

Evanthia ka ojú ewé náà. Ó ní kí wọ́n jẹ́ kí òun fi àwọn ẹ̀dà ẹfun han ìgbìmọ̀ mùsíọ́mù. Wọ́n ní kó dúró. Ó dúró títí ó fi fẹ̀yìn tì, ó sì tún dúró fún ọdún mẹ́rin sí i. Láàárín ìgbà náà wọ́n gbé àpótí rẹ̀ lọ sábẹ́ páìpù tó ń jò. Ẹfun kì í bá omi ṣọ̀rẹ́. Manthos fi ọ̀rá bò wọ́n, ọ̀rá tó fi owó ara rẹ̀ rà. Tí ẹfun náà bá yọ́, ta ni yóò tún lè fi hàn pé ó tọ́? Ṣé àìmọ̀kan ni páìpù yẹn, àbí ìgbìmọ̀ náà mọ ohun tí omi lè bá wọn fọ̀?

Mo béèrè ohun mẹ́ta. Kí wọ́n gbé àpótí náà kúrò lábẹ́ omi lọ́sẹ̀ yìí. Kí ìgbìmọ̀ tẹ lẹ́tà 412 jáde, kí wọ́n sì sọ orúkọ ẹni tó gbà á àti ibi tó gbé e sí. Ẹ̀kẹta kì í ṣe ti ìgbìmọ̀.

Ọdún mẹ́ta péré ni ìlú yìí ń fún òkú ní ilẹ̀. Lẹ́yìn náà wọn á hú egungun, kí ẹlòmíràn lè gba àyè. Polyxeni ni yóò fi wáìnì fọ egungun ẹ̀gbọ́n rẹ̀. Bó bá ti ń fọ̀ ọ́, ó yẹ kó lè sọ fún un pé ọ̀rọ̀ yẹn ti kúrò nínú ìwé. Ọ̀jọ̀gbọ́n Moutafis, ẹ̀yin lẹ kọ ọ́. Ẹ̀yin ni kẹ́ ẹ yọ ọ́.