Bàbá Kòkúmọ́ àti Oko Tí Kò Lópin

Ìtàn tí àwọn ará Ọjà-Ọ̀dàn kì í rántí olóògbé Bàbá Kòkúmọ́ láìsọ ni ti ọjọ́ tó gbé kọ̀ǹpútà wá sípàdé àgbẹ̀. Ọdún tí wọ́n ti bọ́dà pa ni. Ọkọ̀ kò kọjá mọ́, ojú ọ̀nà dákẹ́ bí ẹni tó sùn lọ nínú òjò wínníwínní, ata sì ń rà lóko nítorí àwọn oníbàárà Kútọnu kò lè wọlé. Bàbá, tíṣà ìṣirò tó ti fẹ̀yìn tì ní Ìlaròó, ní òun ti ṣe ètò kan sórí kọ̀ǹpútà: oníbàárà láti Abẹ́òkúta á béèrè àgbẹ̀ lórí fóònù, á sì rí oko rẹ̀.

Ó tẹ orúkọ Ọdẹkúnlé, alága àwọn àgbẹ̀. Kọ̀ǹpútà kọ Ọdẹkúnlé, ó kọ oko rẹ̀, ó kọ olóko, ìyẹn Ọdẹkúnlé, ó tún kọ oko rẹ̀. Ọ̀rọ̀ ń ṣàn lójú rẹ̀ bí omi odò, kò dúró. Ọdẹkúnlé wò ó títí, ó wá rọra sọ pé, “Bàbá, ẹ bá mi dá a dúró kí àwọn agbowó-orí tó rí i.”

Fadékẹ́mi, ọmọ ẹ̀gbọ́n Bàbá tó ń kọ́ni níṣẹ́ kọ̀ǹpútà, rí àṣìṣe náà kíá. Bàbá ti fi oko sínú àkọsílẹ̀ àgbẹ̀, ó sì tún fi odindi àgbẹ̀ sínú àkọsílẹ̀ oko, ni ọ̀kan fi ń pe èkejì láìdúró. Ó ní kí Bàbá yọ olóko kúrò nínú oko. Bàbá kọ̀ fún ọjọ́ mẹ́ta.

“Oko tí a kò mọ olóko rẹ̀,” ni Bàbá wí, “igbó ni.”

Lọ́jọ́ kẹrin, Toheebat, opó kan tó ń gbin ata, gbé agbọ̀n kan sẹ́nu ọ̀nà Bàbá. Ìdajì ata náà ti jẹrà. Bàbá rí i, ó sì pe Fadékẹ́mi pé kó máa bọ̀.

Wọ́n fẹnu kò pé nínú oko, orúkọ olóko àti nọ́ńbà àkọsílẹ̀ rẹ̀ nìkan ni kó wà. Ẹni tó bá fẹ́ mọ̀ sí i, kó fi nọ́ńbà yẹn béèrè. Nígbà tí wọ́n tún tẹ orúkọ Ọdẹkúnlé, kọ̀ǹpútà dáhùn, ó sì dúró. Kí ọ̀sẹ̀ tó parí, Nàfíù, oníbàárà kan tó béèrè lórí fóònù, ti wá láti Abẹ́òkúta, ó sì ra ata Toheebat tó kù lóko.

Láti ọjọ́ náà, bí ẹnikẹ́ni bá ń tún ẹjọ́ kan náà rò nípàdé ẹbí, Bàbá á ní, “A ti gbọ́ ìyẹn. Ẹ pe nọ́ńbà rẹ̀.”

Ó kú lẹ́yìn ọdún méjì tí wọ́n ṣí bọ́dà. Nígbà tí Fadékẹ́mi ń tún àkọsílẹ̀ ṣe, ó rí àgbẹ̀ kan tí kò mọ̀ pé ó wà níbẹ̀. Orúkọ: Kòkúmọ́. Oko: igi ìbẹ́pẹ kan, ẹ̀yìnkùlé. Ó rẹ́rìn-ín títí omi fi dà lójú rẹ̀. Kò pa á rẹ́. Bí oníbàárà bá pè nítorí ìbẹ́pẹ, òun fúnra rẹ̀ ló máa ń lọ já a.