Èèwọ̀ Ọkọ Ọmọ Mi

Mowe ni mo ń gbé. Ọmọ mi obìnrin àti ọkọ rẹ̀ ń gbé ní Ibafo, kò jìnnà. Láti ìgbà tí wọ́n ti ṣègbéyàwó, ọ̀dọ̀ mi ni wọ́n ti ń jẹun ọ̀sán ní gbogbo Sọ́ńdè.

Sọ́ńdè àkọ́kọ́, ilá ni mo sè. Ọkọ ọmọ mi wo abọ́, ó ní, "Mọ́mì, ẹ má bínú. Ìdílé wa kì í jẹ ilá. Èèwọ̀ ni."

Mo tọrọ àforíjì, mo gbé e kúrò. A kì í bá ènìyàn jiyàn lórí èèwọ̀. Ní Sọ́ńdè kejì, mo se ẹ̀wà. Ó ní èyí náà wà nínú ẹ̀. Ẹ̀fọ́ tẹ̀tẹ̀ tẹ̀lé e, lẹ́yìn náà irú. Nígbà tó yá, tíì àti búrẹ́dì nìkan ló ń jẹ nílé mi, á sì ní òun ti yó. Ó ń dùn mí. N kò bí ọkùnrin. Mo fẹ́ kí èyí máa jẹ oúnjẹ mi bí ọmọ.

Lọ́jọ́ kan, ìyá rẹ̀ wá kí wa láti Ifo. Ìrẹsì ni mo gbé kalẹ̀.

"Ìyá ìyàwó," ló wí, "ẹ má bínú o, ṣé ẹ ò ní ilá díẹ̀? Nǹkan tó ń yọ̀ ni ẹnu mi ń fẹ́."

Mo ní, "Ẹ̀yin kọ́ lẹ léèwọ̀ ilá nílé yín, mà?"

"Èèwọ̀ kẹ̀! Ta ló sọ bẹ́ẹ̀?" Ó yíjú sí ọmọ rẹ̀, tó ti tẹrí ba mọ́ abọ́. "Ìwọ! Ilá ni bàbá ẹ tà fi rán ẹ níléèwé. Ìgbà wo lo ṣe èèwọ̀ tuntun fún wa?"

Ọmọ mi rẹ́rìn-ín títí omi fi bọ́ lójú rẹ̀. Èmi kò lè rẹ́rìn-ín. Mo pe ọkọ rẹ̀ sí ilé ìdáná, mo ní kó sọ òtítọ́ fún mi.

Ó dọ̀bálẹ̀. "Mọ́mì, kì í ṣe pé ẹ ò mọ ọbẹ̀ sè. Ohun tó bá ń yọ̀ kì í kọjá lọ́nà ọ̀fun mi. Èèpo ẹ̀wà, ẹ̀fọ́ tẹ̀tẹ̀, irú, àlùbọ́sà tí mo bá fojú rí, bákan náà ni. Láti kékeré ni. Ojú ló ń tì mí, àgbàlagbà bíi tèmi, kí n máa ṣa oúnjẹ jẹ nílé àna."

"Dìde. Tí àlùbọ́sà náà ò bá hàn ńkọ́?"

"Tí kò bá ti hàn, mà, màá jẹ ẹ́."

Ní Sọ́ńdè tó tẹ̀lé e, mo rẹ ẹ̀wà, mo bó o títí kò fi ku èèpo kan. Mo lọ̀ ọ́ pọ̀ mọ́ ata àti àlùbọ́sà, mo sẹ́ ẹ, mo fi ṣe mọ́ínmọ́ín tí kò ní ẹ̀mí kan ṣoṣo: kò sí ẹja, kò sí ẹyin. Ó tú ewé, ó fi ṣíbí yẹ inú rẹ̀ wò dáadáa kó tó fi sẹ́nu. Mo dúró lẹ́nu ọ̀nà, mò ń nu abọ́ tó ti gbẹ tẹ́lẹ̀.

Ó jẹ ẹ́ tán. Ó jẹ èkejì. Lẹ́yìn náà ló gbójú sókè.

"Mọ́mì, ṣé ó ṣì kù?"

Tèmi nìkan ló kù. Mo ní ó kù, mo sì gbé e fún un.