Àpótí Aláwọ̀ Ewé

Ẹ má dá ọ̀rẹ́ lẹ́bi tán, ọwọ́ ara Màmá Taípù ló tẹ àṣírí Màmá Taípù sínú ìwé. Ṣùgbọ́n ọ̀rẹ́ ló kọ́kọ́ tú u síta!

Ọdún mọ́kànlá ni obìnrin yìí fi ń tẹ ìwé atúmọ̀ èdè, Gẹ̀ẹ́sì sí Yorùbá, ní ọ́fíìsì kan tí fèrèsé rẹ̀ kì í ṣí tán. Òun àti ọ̀rẹ́ rẹ̀ tí wọ́n ń pè ní Elétí-Ọfẹ jọ ń lo tábìlì kan, inú abọ́ kan náà ni wọ́n sì ti ń jẹun. Iṣẹ́ Elétí-Ọfẹ ni kó wá gbólóhùn tó fi bí wọ́n ṣe ń lo ọ̀rọ̀ kọ̀ọ̀kan hàn, kó kọ ọ́ sórí káàdì. Ọ̀gá wọn kórìíra gbólóhùn àtọwọ́dá. "Ohun tó jáde lẹ́nu èèyàn gan-an ni mo fẹ́," bẹ́ẹ̀ ló máa ń wí. Nítorí náà, gbogbo ibi tí Elétí-Ọfẹ bá wọ̀, etí rẹ̀ ló ń ṣáájú.

Lọ́sàn-án ọjọ́ kan tí òjò ń rọ̀, Màmá Taípù sọ tinú rẹ̀ fún un, ohun tí kò tíì sọ fún ẹnikẹ́ni rí.

"Jọ̀ọ́, má jẹ́ kẹ́nikẹ́ni gbọ́ o."

"Háà! Èmi kẹ̀? Inú mi ló máa wà."

Inú wo? Kò pé oṣù méjì tí káàdì kan fi dé iwájú Màmá Taípù. Influx ló wà lókè rẹ̀: kí omi, èèyàn tàbí nǹkan mìíràn ya wọ ibì kan lọ́pọ̀ lẹ́ẹ̀kan náà, a kì í lò ó fún ohun tó ń wọlé díẹ̀díẹ̀. Ìyẹn dára. Ó wá ka gbólóhùn ìsàlẹ̀: "Nígbà tí omi ya wọ ilé wa, àpótí aláwọ̀ ewé ni mo kọ́kọ́ gbé jáde, kí n tó padà wá gbé ọmọ."

Ohun tó sọ lọ́sàn-án ọjọ́ òjò yẹn gan-an nìyí! Ọmọ náà ti di olùkọ́ báyìí. Ohun tí ìyá rẹ̀ ń sọ fún un láti kékeré ni pé, "Ìwọ ni mo kọ́kọ́ gbé, mo fi gbogbo ẹrù sílẹ̀ fómi." Ó ní ìgbà tí omi fà ni wọ́n bá òun rí àpótí. Ìwé ẹ̀rí Màmá Taípù àti aṣọ ìyá tó bí i, tó ti kú, ló wà nínú àpótí ọ̀hún. Kò ronú kó tó gbé e, jìnnìjìnnì ti bò ó.

"Ọ̀rẹ́, kí ló dé tó o ṣe mí báyìí?"

"Ṣé mo kọ orúkọ ẹ síbẹ̀ ni? Ọ̀gá ní òun ò tíì rí gbólóhùn tó dùn tó yẹn rí!"

Ẹ gbọ́ ẹnu ọ̀dàlẹ̀! Torí kí ọ̀gá lè yìn ín ni o.

Màmá Taípù yí gbólóhùn náà padà nígbà tó ń tẹ̀ ẹ́: ó fi ọmọ ṣáájú, ó fi àpótí kẹ́yìn. Ọ̀gá fi í wé káàdì, ó fa bírò pupa sí i lára. "Ta ló yí èyí padà? Kò dún bí ọ̀rọ̀ èèyàn rárá. Ẹ dá ti káàdì padà." Kí ló fẹ́ wí? Tó bá wíjọ́, ó ti tú ara rẹ̀ fó nìyẹn. Ó fi omijé tẹ̀ ẹ́ bó ṣe wà.

Ìwé jáde. Ní Sátidé kan, ọmọ rẹ̀ gbé e wọlé tayọ̀tayọ̀, ó jókòó sórí àpótí aláwọ̀ ewé tó máa ń jókòó lé.

"Màmi, iṣẹ́ ọwọ́ yín rèé! A ti ra mẹ́wàá nílé ìwé wa. Ọ̀rọ̀ kan wà táwọn ọmọ kíláàsì mi bi mí, ẹ jẹ́ n kà á fún yín."

Ó ka ìtumọ̀ rẹ̀ ketekete, bí olùkọ́. Ó bẹ̀rẹ̀ gbólóhùn ìsàlẹ̀. Nígbà tó dé ibi àpótí, ohùn rẹ̀ lọ sílẹ̀.

"Màmi, ta ló sọ èyí?"

Ìyá fẹ́ purọ́, irọ́ ò wá.

Ọmọ pa ìwé dé. Ó wo ohun tó jókòó lé, ó sì rọra dìde kúrò lórí ẹ̀.