Bírò Aláwọ̀ Ewé Mi

Wọ́n gbà mí síṣẹ́ nítorí pé n kò gbọ́ èdè náà. Ọ̀gá mi, obìnrin kan tí mo fi ọdún púpọ̀ jù lọ, sọ ọ́ lójú mi lọ́jọ́ tí mo kọ́kọ́ débẹ̀. Ó ní lẹ́tà àtijọ́ àwọn ará Scotland ni mo máa tẹ̀ sínú kọ̀ǹpútà, pé ẹni tó bá gbọ́ èdè wọn á fẹ́ máa tún un ṣe, ṣùgbọ́n ẹni tí kò mọ nǹkan kan, ohun tó bá rí ló máa tẹ̀. Mo rẹ́rìn-ín sí i. Inú mi ò dùn rárá.

Ìbẹ̀rẹ̀ àwọn ọdún 1990 nìyẹn. Thamesmead ní London ni mò ń gbé, fèrèsé wa kọjú sí adágún Southmere, láràárọ̀ ni mo sì ń gba Tavy Bridge kọjá lọ wọ bọ́ọ̀sì tó ń lọ Woolwich. Àwa mẹ́ta la wà nínú yàrá iṣẹ́ náà: èmi, ọ̀gá mi, àti baba ará Scotland kan, tíṣà tó ti fẹ̀yìn tì, tí awò ojú rẹ̀ nípọn bí ìdí ìgò. Lọ́jọ́ kìíní tí mo pè é ní Daddy, ńṣe ló bojú wẹ̀yìn, ó ń wá ẹni tí mò ń pè. Kí ọ̀sẹ̀ méjì tó pé, ó ti ń dáhùn.

Àwọn tó kọ lẹ́tà wọ̀nyẹn, oníkálukú ló ń kọ ọ̀rọ̀ bó ṣe wù ú. Iṣẹ́ kọ̀ǹpútà ni láti kó àwọn tó jẹ́ ọ̀rọ̀ kan náà jọ. Á mú ọ̀rọ̀ méjì, á ka iye álífábẹ́ẹ̀tì tó yẹ ká yọ, ká fi kún tàbí ká pààrọ̀ kí ọ̀kan tó di èkejì. Tí kò bá ju méjì lọ, á ní ọ̀kan náà ni wọ́n. Bó ṣe kó guid àti gude, tí méjèèjì jẹ́ rere, jọ nìyẹn, ó sì ṣe dáadáa. Àmọ́ ó kó hame, tó jẹ́ ilé, mọ́ hare, tó jẹ́ ehoro. Nítorí náà ni Daddy ṣe ń yẹ̀ ẹ́ wò lórí bébà, tó ń fi bírò pupa mú èyí tó bá tọ̀nà.

Kò pẹ́ tí mo fi rí i pé Daddy náà ń ṣì í mú. Ojú ti ń dun bàbá, kì í sì í padà lọ ka lẹ́tà. Èmi tí mo tẹ gbogbo rẹ̀ pátá, tí èdè náà sì ti ń yé mi díẹ̀díẹ̀, mọ ohun tó wà níbẹ̀. Ṣùgbọ́n níbi tí wọ́n ti tọ́ mi, a kì í wo ojú àgbà ká ní ó ṣì í. Mo bá mú bírò aláwọ̀ ewé, mo fi ààmì bíńtín sẹ́gbẹ̀ẹ́ gbogbo èyí tó ṣì mú, mo sì dákẹ́. Oṣù méjì ni mo fi ṣe bẹ́ẹ̀. Ọ̀wọ̀ ni mo pè é. Ẹ̀rù wà níbẹ̀ pẹ̀lú.

Ọ̀gá rí ààmì náà lọ́jọ́ kan. Ó ní mò ń ba bébà jẹ́, pé tí ó bá di ọjọ́ Ẹtì òun á wá ẹlòmíì. Nígbà tí mo délé, mo rò ó fún Auntie, nọ́ọ̀sì tá a jọ ń gbé.

“Ṣé wọ́n hire ẹ láti máa think ni? Ṣáà type nǹkan ẹ jàre.”

“Auntie, ẹ máà bínú, mi ò lè di ojú mi.”

Lọ́jọ́ Ẹtì náà, mo gbé bébà kan síwájú àwọn méjèèjì. Mo nàka sí ọ̀rọ̀ kan. “Daddy, ẹ ní barn àti bairn, tó jẹ́ ọmọ, ọ̀kan náà ni. Nínú lẹ́tà míì, lóòótọ́ ni. Nínú èyí, ẹni yìí ní barn òun jóná, ó sì ń tọrọ ọkà lọ́wọ́ àbúrò rẹ̀. Abà ọkà ló jóná. Ẹ ti fi ọmọ ọlọ́mọ sínú iná.”

Bàbá gbé lẹ́tà náà sún mọ́ imú, ó kà á lẹ́ẹ̀mejì. Ó wá gbé èyí tó kù, ó ń tẹ̀ lé ààmì mi lọ́kọ̀ọ̀kan títí tíì rẹ̀ fi tutù.

“Kí ló dé tó ò sọ fún mi?”

“Àgbà lẹ jẹ́, sà.”

“Àgbà tó ń dáná sun ọmọ,” ló wí. Kò rẹ́rìn-ín.

Kò sẹ́ni tó dárúkọ ẹlòmíì mọ́. Ọ̀gá ní kí n máa bá iṣẹ́ títẹ̀ lọ, ṣùgbọ́n kí n yéé fi ààmì sí i. Mo ní rárá, tí mo bá ń tẹ̀, màá máa fààmì sí i. Tí kò bá fẹ́, kó lọ wá afọ́jú. Ó yí padà sídìí kọ̀ǹpútà rẹ̀. Láti ọjọ́ náà, Daddy ń gbé bébà wá bá mi kó tó mú bírò pupa rẹ̀.

Nígbà tí iṣẹ́ parí, wọ́n lẹ orúkọ wa mọ́ ilẹ̀kùn. Lẹ́gbẹ̀ẹ́ orúkọ àwọn méjèèjì, wọ́n kọ ọ́ pé àwọn ló yẹ ọ̀rọ̀ wò. Lẹ́gbẹ̀ẹ́ tèmi, wọ́n kọ ọ́ pé atẹ̀wé. Ọ̀gá dúró lẹ́yìn mi, ó ń wò mí. Mo yọ bírò aláwọ̀ ewé jáde, mo fi ààmì bíńtín sẹ́gbẹ̀ẹ́ atẹ̀wé náà.